Ewéko Tó Ń Gbẹ Tí Kì Í Kú

Ní ọdún 1806, Meriwether Lewis, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń darí bọ̀ láti etíkun Pàsífíìkì, wú ewéko kékeré kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Montana lónìí. Ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín bébà, ó sì gbé e bọ̀ nílé. Ó yẹ kó ti kú pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ri gbòǹgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà Bernard McMahon, olùtọ́jú ewéko kan ní ìlú Philadelphia, ó tún hù. Ìdí nìyẹn tí Frederick Pursh, onímọ̀ ewéko, fi sọ ọ́ ní Lewisia rediviva: rediviva ni "èyí tó tún jí" lédè Látìn.

Gbòǹgbò yẹn ni agbára rẹ̀ wà. Ó ki, ó sanra, oúnjẹ àti omi ló kó pamọ́ síbẹ̀. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ tó ti ń hù le, nítorí náà ìgbà òtútù àti ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ ni Lewisia ń lo ewé, torí ìgbà náà ni omi wà nílẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sanra. Ẹni tó bá ti ṣẹ́ gbúre rí mọ irú ewé bẹ́ẹ̀: omi ló kún inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko tilẹ̀ ti fìgbà kan to àwọn méjèèjì sínú ìdílé kan náà kí wọ́n tó yà wọ́n.

Nígbà tí òdòdó bá là, ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà, ewé ti ń rọ. Òdòdó náà, aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun, á jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ẹni pé wọ́n kàn já a síbẹ̀ ni. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó gbé e dúró lọ. Tó bá gbẹ, á já kúrò lára ìyá rẹ̀, atẹ́gùn á máa yí i kiri, irúgbìn á sì máa dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sóhun tójú rí lórí ilẹ̀ mọ́.

Àwọn Salish, ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà, tí wọ́n ti ń jẹ gbòǹgbò yìí tipẹ́tipẹ́ kí Lewis tó dé, kì í dúró de òdòdó. Kó tó là ni wọ́n ń wà á, nígbà tí èèpo rẹ̀ tó korò ṣì rọrùn láti bó.

Ẹni tó bá gbìn ín sínú ọgbà olókúta gbọ́dọ̀ fi òkúta wẹ́wẹ́ yí ọrùn rẹ̀, níbi tí ewé ti pàdé gbòǹgbò, ká kí omi má bàa dúró síbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pa á ni ìgbà tí ewé bá gbẹ: àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á bu omi sí i, gbòǹgbò tó ń sùn á sì jẹrà. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ títí ewé tuntun yóò fi yọrí.