Oṣù mẹ́fà IT: ẹ̀rọ wo ni wọ́n á jẹ́ kí ọmọ yín tú?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin òbí. Bó bá ti kù díẹ̀ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ní yunifásítì jáde fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, fóònù mi kì í sinmi: "Ẹnjinníà, ẹ bá wa wá ọ̀nà, kí ọmọ wa lè wọ Obajana." Mo mọ ìdí. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote tó wà níbẹ̀ lè ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 16.25 lọ́dún. Ṣùgbọ́n kí lọmọ náà máa fọwọ́ kàn níbẹ̀?

Ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá ètò IT yìí sílẹ̀, torí àwọn tó ń gboyè mọ ìwé, wọn ò mọ ẹ̀rọ. Ọdún kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí fún àwọn ẹnjinníà, oṣù mẹ́fà gbáko. Ọdún karùn-ún, iṣẹ́ àṣekágbá dé. Ìgbà yẹn ni wàá rí ọmọ tó ń bẹ olùkọ́ pé kó fún òun ní àkòrí. Àkòrí tó ti ń bá sùn, tó ń bá jí, fún oṣù mẹ́fà!

Ọmọ kan wá ṣe tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kabba. Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ìyá onígàárì kan ń jẹ bearing (irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀) bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Àwa ń yọ ọ́, à ń fi tuntun sí i, à ń gbowó. (Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni.) Ọmọ yìí ló jókòó ti ẹ̀rọ náà títí tó fi rí i pé omi ẹ̀gẹ́ ló ń yọ́ wọlé, omi kíkan sì ni, ó ń jẹ irin. Ó yàwòrán rẹ̀ sínú lọ́gíbúùkù, ìwé tí ọmọ IT ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó máa dínà omi yẹn ló fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ara ẹ̀rọ ìyá yẹn náà ló sì ti wá dán an wò.

Ẹ wo lọ́gíbúùkù dáadáa. Nígbà tèmi, ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ ń bọ̀ wá bẹ̀ mí wò ni mo kọ ti oṣù mẹ́ta pọ̀. Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: níbi tí mo wà, oúnjẹ ni wọ́n ń rán mi rà.

Nítorí náà, kí ọmọ tó gba àyè, kó bi wọ́n léèrè: abẹ́ ta ni màá wà, ẹ̀rọ wo lẹ máa jẹ́ kí n tú? Bí Obajana bá dáhùn dáadáa, kó lọ. Ọ̀nà oníkọnkéré ló kúkú ti Kabba débẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù kékeré ló dáhùn, kó kọ́kọ́ bi ilé ìwé bóyá wọ́n á fọwọ́ sí i.