Zugzwang: ìgbà tí ìwọ ló kàn, tí o ò sì fẹ́ kó kàn ọ́

Lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, àwọn àgbà máa ń ta ayò ní ọ̀sán Sátidé. Èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò a máa ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tẹjú mọ́ pátákó títí, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò ta eléyìí. Ẹ máa ta tiyín lọ." Mo ní kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, pé bó bá ti kàn ọ́, o gbọ́dọ̀ ta. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. "Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo fẹ́ gbé tí kò ní bà á jẹ́!"

Ohun tó dé bá a yẹn lórúkọ. Zugzwang ni wọ́n ń pè é. Èdè Jámánì ni: Zug ni títa, Zwang ni ipá. Títa tipátipá ni ká sọ. Àwọn ará Jámánì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ní 1905, ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ṣẹ́ẹ̀sì tí Emanuel Lasker ń tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lasker yìí ló gba adé àgbáyé ní 1894 tí kò sì bọ́ lórí rẹ̀ títí di 1921.

Ìtumọ̀ rẹ̀ rèé. Gbogbo ohun tó o ní ló wà níbi tó yẹ kó wà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni kejì. Bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè kó o jókòó jẹ́ẹ́, kò sóhun tó máa ṣe ọ́. Àmọ́ wọn ò gbà ọ́ láyè. Ìwọ ló kàn, èyíkéyìí tó o bá sì gbé, ó fi ibi tó ń ṣọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Bàbá kan tó ń ta ayò gbọ́ àlàyé mi, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Kò ta ṣẹ́ẹ̀sì rí, ṣùgbọ́n ó yé e kó tó yé ọmọ náà. Ẹni tó bá mọ ayò ta, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kó odù jọ sílé kan, tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án, tí wọ́n á máa fi ọmọ ayò wẹ́wẹ́ tó wà nílé yòókù ta ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dúró ni. Ẹni tí tiẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ni ipá máa dé bá: yóò tú odù tí kò fẹ́ tú, tàbí kó ta ọmọ sílé ẹni kejì níbi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́. Bàbá náà ní, "Ṣé pé ọmọ tó máa fi dúró ló tán lọ́wọ́ ẹ̀?" Òun náà ni, Bàbá.

Mo to nǹkan mẹ́rin péré sórí pátákó fún ọmọ náà. Ọba funfun wà ní d5 (lẹ́tà ń tọ́ka sí ìlà tó dúró, nọ́ńbà sì ń tọ́ka sí ìlà tó dùbúlẹ̀), pọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn ọmọ ogun kékeré tó ń rìn síwájú nìkan, wà ní e4. Ọba dúdú wà ní f4, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní e5. Pọ́ọ̀nù méjèèjì forí gbárí, kò sí èyí tó lè rìn. Ọba kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ti ara rẹ̀, ó sì ń yọ ojú sí ti ẹnì kejì. Mo ní, "Ta ni yóò borí?" Ó ní funfun. Mo ní kó ta funfun nígbà náà. Ó sún ọba sí d6, mo jẹ pọ́ọ̀nù e4 rẹ̀. Ó dá a padà, ó ní òun fẹ́ ta dúdú. Ó sún ọba dúdú sí g5, mo jẹ e5. Ìgbà yẹn ló gbọ́wọ́ lé ẹnu. Ẹni tó bá kàn ló kú, ìbáà ṣe funfun tàbí dúdú.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ìgbà tí ọba kò rí ibì kankan lọ, tí nǹkan mìíràn kò sì lè sún, tí ẹnikẹ́ni ò sì dojú ìjà kọ ọba náà. Ọ̀mì nìyẹn nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Nínú dráàfù, ẹni tí kò rí ibi ta ti pàdánù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ru àwọn tó ti inú dráàfù wá lójú. Ẹni tó wà nínú zugzwang rí ibi ta. Kò sí èyí tó dára nínú wọn ni.

Eré tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wáyé ní Copenhagen ní 1923. Aron Nimzowitsch, tí wọ́n bí ní Riga ní 1886, ló ta dúdú. Fritz Sämisch, ọmọ Jámánì, ló ta funfun. Nimzowitsch kò gba adé àgbáyé rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ èèyàn jù ú lọ. Ó jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹṣin rẹ̀ kan, ó gba pọ́ọ̀nù méjì dípò rẹ̀, ó wá ń fún pátákó pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ìta kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sún pọ́ọ̀nù etí pátákó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, láti h7 sí h6. Kò jẹ nǹkan kan, kò halẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Sämisch wò ó, ó sì gbà pé òun ti pàdánù.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ Sämisch: ayaba, rúùkù méjì (tó ń rìn lọ gbọọrọ), bíṣọ́ọ̀bù méjì (tó ń rìn láti igun dé igun), àti ẹṣin kan tí dúdú kò ní. Àmọ́ bó bá gbé rúùkù e1 sí c1 tàbí d1, rúùkù dúdú á bọ́ sí e2, ayaba funfun ò ní ríbi sá sí. Bó bá gbé ọba sí h2, rúùkù dúdú kejì á wá sí f3, ayaba lọ nìyẹn, torí bíṣọ́ọ̀bù g2 ò lè kúrò níwájú ọba láti jẹ ẹ́. Bó bá sún pọ́ọ̀nù sí g4, rúùkù yẹn á tún wá sí f3. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá jẹ ẹ́, rúùkù dúdú tó kù á bọ́ sí h2, ọba kú. Pọ́ọ̀nù bíi mélòó kan ṣì kù tó lè fi dúró, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀, dúdú náà sì ní tiẹ̀ tó máa fi dúró dè é.

Àwọn kan ń jiyàn pé kì í ṣe zugzwang tòótọ́, pé bí wọ́n tilẹ̀ gbà kí Sämisch fo ti ẹ̀, yóò ṣì pàdánù nígbẹ̀yìn. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀, eré yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han ọmọ, torí ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí irú rẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì kún orí pátákó.

Ibi tó ti wọ́pọ̀ ni ìparí eré, nígbà tí nǹkan bá ti kù díẹ̀. Láìsí zugzwang, ọba àti rúùkù kan ò lè pa ọba tó dá wà. Ní 1971, ní Vancouver, Bobby Fischer, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ará Amẹ́ríkà, fi bíṣọ́ọ̀bù kan dojú kọ ẹṣin Mark Taimanov, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ará Soviet, nínú eré kẹrin wọn. Ẹṣin ò lè fi ìta kan ṣòfò kó sì wà lójú kan náà. Bíṣọ́ọ̀bù lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fischer ń fi bíṣọ́ọ̀bù yí kiri, ó ń dá ìta padà sọ́wọ́ Taimanov, ọba rẹ̀ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Taimanov ò rí ibi dúró mọ́, Fischer fi bíṣọ́ọ̀bù ọ̀hún tọrẹ, ọba rẹ̀ wọlé jẹ pọ́ọ̀nù. Mẹ́fà sí òdo ló fi ìdíje náà gbà.

Bí pátákó bá ti ń ṣófo, ẹ ka pọ́ọ̀nù tó ṣì lè rìn láì ba nǹkan jẹ́, tiyín àti ti ẹnì kejì. Mo sọ èyí fún ọmọ náà, a sì tún to òmíràn. Nígbà tó ku ọba àti pọ́ọ̀nù, mo rí i tó ń fi ìka kà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, méjì ló kù fún mi. Ẹyọ kan ló kù fún yín." Mo kà á. Bẹ́ẹ̀ ló rí, èmi ló sì kàn.