Sáíkọ́lọ́jì àti ìlúwẹ̀ẹ́: yunifásítì wo ló lè gba méjèèjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kàbà la ń gbé. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ka sáíkọ́lọ́jì, àmọ́ ó ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, kò sì fẹ́ fi ìdíje sílẹ̀. Ibo ni kó lọ lókè òkun?

Ìdáhùn: Màmá, kẹ́ ẹ tó wá orúkọ yunifásítì, ẹ wá aago. Ohun tí kóòṣì òkè òkun máa kọ́kọ́ bèèrè ni iye àkókò tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà, àti bí púùlù ibẹ̀ ṣe gùn tó. Mítà 25 tàbí 50 ni wọ́n mọ̀. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró létí ẹ̀ tó ń fi fóònù ka àkókò kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ la Odò Ọya já, mo júbà rẹ̀, àmọ́ kóòṣì kò ní mọ ohun tóun máa fi ìyẹn ṣe. Àwọn Amẹ́ríkà tún ní tiwọn: yáàdì 25, ìyẹn mítà 22.86, ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìdíje yunifásítì. Ẹ kọ ìwọ̀n púùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà rò pé ọmọ yín ń fà.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n á san owó ilé ìwé rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, pín àwọn yunifásítì sí ìpele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Division. Division I àti II ló ń fún eléré ìdárayá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì sábà máa ń pín in káàkiri ẹgbẹ́. Division III kì í fúnni nítorí eré. Ivy League, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì olókìkí bíi Harvard, náà kì í fúnni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Division I ni.

Ìbéèrè: Ṣé ìwé kò ní jìyà?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. NCAA ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni eré kò gbọdọ̀ kọjá lásìkò ìdíje ní Division I àti II, àmọ́ wọn kì í ka ìrìn àjò mọ́ ọn. Sáíkọ́lọ́jì sì ní ìṣirò, ó ní iṣẹ́ yàrá ìwádìí, ọ̀sán ni irú wọn sábà máa ń bọ́ sí, lásìkò tí ìgbáradì ń lọ. Ẹ bi kóòṣì pé: “Ta ló ń ka sáíkọ́lọ́jì nínú ẹgbẹ́ yín báyìí?” Bí kò bá rí ẹnì kankan dárúkọ, ẹ fura. Bó bá rí i, ẹ ní kí ọmọ yín bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe kóòṣì ni yóò ròyìn fún un.

Ìbéèrè: Tó bá gboyè, ṣé onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ló dà yẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní Amẹ́ríkà, APA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ibẹ̀, kì í fi òǹtẹ̀ lu digirí àkọ́kọ́. Orí àwọn oyè tó ga ju ìyẹn lọ, pàápàá oyè ọ̀mọ̀wé, ni òǹtẹ̀ wọn wà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ APA ta ọjà fún yín. Ní Bìrìtìkó, BPS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tibẹ̀, máa ń fọwọ́ sí digirí àkọ́kọ́. Yunifásítì Stirling ní Scotland ní irú rẹ̀, ó tún ní púùlù 50 mítà. Ibẹ̀ ni Duncan Scott, òmùwẹ̀ tó gba wúrà ní Òlíńpíìkì Tokyo, ti kàwé.

Ìbéèrè: Tá a bá dúró sílé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìbàdàn àti Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì, ìdíje NUGA, ìyẹn eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Nàìjíríà, sì wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Màákì JAMB ni wọ́n máa wò, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìlúwẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ dúró létí púùlù yunifásítì náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀.