Nọ́ọ̀bù Tó Ń Yí Lófo Lára Ẹ̀rọ Gbẹ́nàgbẹ́nà Tó Ti Pẹ́

Nọ́ọ̀bù, ìyẹn ohun tí a ń fọwọ́ yí lára ẹ̀rọ, ń yí, àmọ́ abẹ́ ayùn tó yẹ kó gbé sókè kò mira. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fún sikúrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le sí i. Á dì mú fúngbà díẹ̀, á tún tú. Lára ẹ̀rọ àtijọ́, sikúrù kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ibi tó ti fẹsẹ̀ tì lára ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tí nọ́ọ̀bù wọ̀, ni.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára iná. Pípa súìṣì nìkan kò tó. Sikúrù náà kì í ní orí, inú ihò ló ń wà, lẹ́búlẹ́bú igi sì máa ń dì síbẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ hú u jáde, torí bí álẹ́ńkíì, ìyẹn irin onígun mẹ́fà tí a fi ń yí sikúrù yìí, ò bá wọlé tán, ńṣe ló máa bó igun ihò náà. Sikúrù mìlímítà 5 ń lo álẹ́ńkíì 2.5, ti 6 ń lo 3. Ẹ̀rọ àtijọ́ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ oníwọ̀n íǹṣì. Níbẹ̀, álẹ́ńkíì 3 á wọ ihò 1/8 íǹṣì, á sì jọ pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n ó kéré sí i díẹ̀: bí ẹ bá ti fipá yí i, igun ti bó nìyẹn.

Ẹ fa nọ́ọ̀bù yọ, kí ẹ wo ṣáàfù. Bí ẹ bá rí ìlà tó yí i ká, sikúrù ti ń yọ̀ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ dá nọ́ọ̀bù padà, ẹ fún sikúrù díẹ̀ kó sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá fi fáìlì ha ibẹ̀ títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lára ṣáàfù mìlímítà 10, bí ẹ bá ha á wọlé tó 0.7, ojú ibẹ̀ á fẹ̀ tó 5, sikúrù á sì rí ibi jókòó. Ẹ fi aṣọ bo ìsàlẹ̀, kí èérún irin má bàa bọ́ sínú ẹ̀rọ.

Bí tírẹ́ẹ̀dì sikúrù 5 inú nọ́ọ̀bù, ìyẹn ìlà yíyípo tí sikúrù ń bá wọlé, bá ti jẹ, ẹ fi díríìlì 5 lu ú, kí ẹ gé tírẹ́ẹ̀dì 6 sí i, bí ara rẹ̀ bá ṣì nípọn tó. Bí ike rẹ̀ bá ti là, ẹ wá òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ nọ́ọ̀bù mọ́ ṣáàfù, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bẹ́árì tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, fífọ́ lẹ máa fọ́ ọ.

Fún nọ́ọ̀bù onírin, ẹ kán gọ́ọ̀mù tírẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ búlúù, èyí tí kì í jẹ́ kí sikúrù tú fúnra rẹ̀, ẹyọ kan sórí sikúrù tí kò lépo lára, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má lo pupa. Ooru iná ló ń tú u. Irú gọ́ọ̀mù yìí lè mú kí ike sán, nítorí náà sikúrù kejì ni kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn bí nọ́ọ̀bù bá jẹ́ oníke.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ wo irin onítírẹ́ẹ̀dì tó ń gbé abẹ́. Bí oje igi bá ti dì mọ́ ọn, yíyí rẹ̀ á le, agbára tí ẹ bá sì fi yí i ló máa tún tú nọ́ọ̀bù. Ẹ fi kẹ́rósìnì àti bọ́rọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi ìda pa á. Kì í ṣe gírísì, torí lẹ́búlẹ́bú igi á lẹ̀ mọ́ ọn.