“Ẹnì kan nínú Mùsùlùmí márùn-ún”: kí ni wọ́n bi wọ́n gan-an?

Fọ́tò kan wà tó máa ń padà wá sórí WhatsApp ẹbí wa, pàápàá tí nǹkan burúkú bá ti ṣẹlẹ̀ níbì kan ní Yúróòpù. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn The Sun ti Ìlú Ọba, ti ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni, ọkùnrin kan mú ọ̀bẹ dání níbẹ̀, wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ẹnì kan nínú Mùsùlùmí márùn-ún ní Ìlú Ọba ló ní “sympathy” fún àwọn ajagun jìhádì. Lọ́tẹ̀ yìí àǹtí mi kan tí wọ́n jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé “Ẹ ò rí nǹkan.” Bàbá tó bí bàbá wa, Alhaji ni wọ́n, ìdajì ẹbí wa ṣì ń kírun títí dòní, inú gúrúùpù kan náà sì ni gbogbo wa wà. Ó dùn mí gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ látinú fọ́tò yẹn ni pé tí Mùsùlùmí márùn-ún bá jókòó síbì kan ní London, ẹnì kan nínú wọn ń ti ISIS, ẹgbẹ́ apániláyà tó wà ní Síríà nígbà yẹn, lẹ́yìn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè tí wọ́n béèrè, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n pa èèyàn 130 ní Paris, ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé. Ni The Sun bá ní kí ilé-iṣẹ́ ìwádìí èrò kan tó ń jẹ́ Survation bá wọn pe àwọn Mùsùlùmí lórí fóònù, wọ́n bá èèyàn 1,003 sọ̀rọ̀. Wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ní “sympathy” fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó ń kúrò ní Ìlú Ọba lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jà ní Síríà. 5 nínú 100 ní àwọn ní in púpọ̀, 14 ní àwọn ní in díẹ̀, 71 ní àwọn ò ní in rárá. 5 àti 14 yẹn ni wọ́n rò pọ̀ tó fi di 19, tí 19 wá di “ẹnì kan nínú márùn-ún”.

Ẹ tún ìbéèrè yẹn kà. Kò sí ISIS níbẹ̀, kò sí jìhádì, “àwọn tó ń jà ní Síríà” ni wọ́n pè é, a sì mọ̀ pé àwọn tó ń jà níbẹ̀ nígbà yẹn ò níye, àwọn kan ń bá Assad tó jẹ́ ààrẹ ibẹ̀ nígbà yẹn jà, àwọn ẹ̀yà Kurd ń bá ISIS fúnra ẹ̀ jà, kódà sójà Ìlú Ọba kan tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun kú síbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2015 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Kurd yẹn. Èwo ni ẹni tó gbé fóònù ní lọ́kàn nígbà tó ń dáhùn? Kò sẹ́ni tó bi í.

Àmọ́ “sympathy” yẹn gan-an ló ká mi lára jù. Lédè tiwa, tí mo bá ní àánú ẹnì kan ṣe mí, ó yàtọ̀ pátápátá sí kí n ní mo wà lẹ́yìn ẹ̀. Àánú olè tí wọ́n so táyà mọ́ lọ́rùn láàárín ọjà lè ṣe èèyàn kó máa sunkún, kò sọ pé ó fẹ́ràn olè jíjà. Òyìnbó ní tiwọn lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn pe méjèèjì. Lóṣù kejì ọdún yẹn kan náà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó wà nílé ìwé ní Bethnal Green ní London, ọmọ ọdún 15 méjì, ọmọ ọdún 16 kan, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Tọ́kì, wọ́n sì gbabẹ̀ wọ Síríà, àwọn ẹbí wọn wá ń bẹ̀ wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Ẹ wá fi ara yín sípò obìnrin kan ládùúgbò yẹn tó ń dáná oúnjẹ alẹ́, tí fóònù dún, tí ẹnì kan tí ò mọ̀ rí ń bi í nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Mo pe àǹtí mi. Nígbà tí mo kí wọn tán, mo ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn ọmọ tó ń sá kúrò ní London lọ Síríà nígbà yẹn, ṣé wọ́n ṣe yín láàánú? Wọ́n ní “Háà, wọ́n ṣe mí láàánú o! Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Wọ́n tàn wọ́n lọ ni, ìyá wọn á ti sunkún tì.” Mo ní ṣé púpọ̀ ni àbí díẹ̀. Wọ́n ní púpọ̀ ni, kí ni mo ní lọ́kàn. Mo ní tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni yín mà, tí Survation sì pè yín lọ́jọ́ yẹn, inú 5 yẹn ni wọn ì bá kà yín sí. Wọ́n dákẹ́. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni mo fi bi wọ́n, àánú ni mo sì lò, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, ẹni tó gbọ́ àánú á dáhùn àánú.

Ohun mìíràn tún wà. Lóṣù kẹta ọdún 2015, Survation yìí kan náà ti bi àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí nírú ìbéèrè yìí fún Sky News, bíi 14 nínú 100 wọn lóun ní sympathy. Ẹnì kan nínú méje nìyẹn. Ta ló gbé ìyẹn sójú ewé àkọ́kọ́?

Ká tiẹ̀ fi ìṣirò wò ó. Ìkànìyàn ọdún 2011 rí Mùsùlùmí bíi mílíọ̀nù 2.7 ní England àti Wales. 19 nínú 100 wọn lé ní 500,000. Àwọn tó kúrò ní gbogbo Ìlú Ọba lọ sí Síríà, iye tí ìjọba fi síta nígbà tó yá ò ju bíi 900 lọ. Ẹ fi 900 pín 2.7 mílíọ̀nù, ẹnì kan nínú 3,000 ni. Mi ò sọ pé 900 kéré o, ẹnì kan péré tó ba nǹkan jẹ́ ti pọ̀ jù. Àwa Yorùbá gan-an mọ̀ ọ́n lára, torí nígbà tí wọ́n pa sójà Lee Rigby ní Woolwich ní London ní 2013, orúkọ Yorùbá làwọn méjì tó pa á ń jẹ́, ìtìjú yẹn kan onígbàgbọ́ kan Mùsùlùmí wa. Inú Islam kọ́ ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ṣe ni wọ́n gbà á, ìwádìí orí fóònù wo ló fẹ́ rí irú wọn?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló sì tún mú mi ronú. Orúkọ ìdílé tó jọ ti Mùsùlùmí ni Survation fi wá àwọn tí wọ́n pè. Ẹ wò ó báyìí, Pásítọ̀ Túndé Bákàrè lè gba fóònù yẹn, á ní rárá, pásítọ̀ lòun, wọ́n á gé e. Ṣùgbọ́n Fáṣọlá tó ṣe gómìnà Èkó, Mùsùlùmí ni, Ifá ló wà nínú orúkọ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní pe irú ẹ̀ láéláé. Adéyẹmí tó ń lọ Jímọ̀ ní Peckham, kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ti Amẹ́ríkà tún burú sí i. Lóṣù kejìlá ọdún 2015 tí Donald Trump ní kí wọ́n má jẹ́ kí Mùsùlùmí wọlé mọ́, ìwádìí kan tí àjọ kan tó ń jẹ́ Center for Security Policy gbé jáde ló mú dání, pé 25 nínú 100 Mùsùlùmí ibẹ̀ fara mọ́ ìwà ipá. Èèyàn 600 ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó fúnra wọn yọjú láti dáhùn. Irú ìwádìí báyìí, Pew, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èrò kan ní Amẹ́ríkà, dán an wò ní 2022, wọ́n bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n ní láísẹ́ẹ̀sì láti wa ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tó ń lo núkílíà, 12 nínú 100 àwọn tí ò tíì pé 30 ọdún ní bẹ́ẹ̀ ni! Wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ kí wọ́n lè gba owó kékeré tó wà níbẹ̀ ni.

Kì í ṣe pé kí gbogbo ìwádìí èrò wá di irọ́ o, mi ò ní tan yín. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ICM ṣe fún Channel 4, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba, tó jáde ní 2016, ojúkojú ni wọ́n ti bá Mùsùlùmí 1,081 sọ̀rọ̀, wọ́n bi àwọn yòókù náà láti fi wé ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò tí Mùsùlùmí ti tó 20 nínú 100 nìkan ni wọ́n lọ. 52 nínú 100 ní kí òfin má fàyè gba ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ìyẹn ò jọ ti aládùúgbò wọn rárá, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n 4 nínú 100 ló ní àwọn ní sympathy fún àwọn tó ń so bọ́ǹbù mọ́ra, 86 sì ní ara Ìlú Ọba làwọn tọkàntọkàn, ti àwọn yòókù jẹ́ 83. Ẹni tó bá kó nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀ sínú àpò kan, ó ti ṣìnà.

Ti The Sun yẹn, bíi ẹ̀sùn 3,000 ló dé ọ̀dọ̀ IPSO tó ń mójú tó ìwé ìròyìn ní Ìlú Ọba. Survation fúnra wọn jáde wá sọ pé àwọn ò fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe túmọ̀ ẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2016, IPSO dájọ́ pé ìròyìn náà ṣi àwọn èèyàn lọ́nà gidigidi, The Sun sì ní láti gbé ìdájọ́ yẹn jáde. Fọ́tò ọlọ́bẹ yẹn ti dé fóònù mi tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìdájọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì fi í ránṣẹ́ sí mi rí.