Àyẹ̀wò gíà tó ń yọnu nínú ọkọ̀ máńúà

Gíà tó ń yọnu nínú ọkọ̀ máńúà ni gíà tí kì í wọlé geere, tó ń ké gàràrà nígbà tí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀, tàbí tó ń já bọ́ sí fíríì lójú ọ̀nà. Ibi mẹ́ta ni mẹkáníìkì máa ń wá ẹ̀bi sí: kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá tàbí wáyà tó so ọwọ́ gíà mọ́ gíábọ́ọ̀sì, àti inú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Bí gíà bá ń le, kílọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó wà lójú títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, awakọ̀ akérò àti ti akẹ́rù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Sún díẹ̀, dúró díẹ̀ ni ìrìn ọkọ̀ ní Tákíé bí èrò bá pọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í sì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí mọ́tò náà bá tún kó máńgòrò kún dẹ́múdẹ́mú, pléètì kílọ́ọ̀ṣì á yára jẹ tán.

Àárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ni pléètì yìí wà. Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pléètì á tú kúrò lára fúláíwíìlì, irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnì yí, agbára ẹ́ńjìnì kò ní dé gíábọ́ọ̀sì mọ́, gíà á sì rí àyè wọlé. Bí kò bá tú tán, gíà á máa bá nǹkan tó ń yí lọ́wọ́ jà.

Ìdánwò tó wúlò jù kò gba irinṣẹ́ kankan. A ó pa ẹ́ńjìnì, a ó fa bíréèkì ọwọ́, a ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, a ó wá wọ gbogbo gíà lọ́kọ̀ọ̀kan, rìfáàsì náà kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí a ó tan ẹ́ńjìnì, a ó tún un ṣe. Bí gíà bá ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, tó sì le nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Bó bá le lọ́nà méjèèjì, ẹ jẹ́ kí a yẹ búùṣì, ìyẹn ike tàbí rọ́bà oríkèé ọwọ́ gíà, àti wáyà rẹ̀ wò kí a tó dẹ́bi fún gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sọ kalẹ̀ lórí ọ̀ràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Rìfáàsì tún máa ń jẹ́rìí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kò ní síńkírò, òrùka tó ń mú eré eyín gíà dọ́gba, nítorí náà a ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a ó ka ení dé àrún, kí a tó wọ̀ ọ́. Bó bá ṣì ké, pléètì ṣì ń yí.

Àwọn mọ́tò kan ń fi wáyà fa kílọ́ọ̀ṣì. Wáyà yìí máa ń nà, a sì lè fún un. Àwọn mìíràn ń lo ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3 tàbí DOT 4, láàárín sìlíńdà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí gíà bá wọlé lẹ́yìn tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, atẹ́gùn ti wọnú ọ́ìlì, tàbí kí rọ́bà inú sìlíńdà ti jẹ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ rárá, torí ó máa ń mú kí rọ́bà wú.

Bó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo, bíi sẹ́kọ́ǹdù, ló ń ké, tí àwọn yòókù dára, síńkírò rẹ̀ ló ti jẹ. Síńkírò ni òrùka, tó sábà máa ń jẹ́ idẹ, tó ń mú eré eyín gíà dọ́gba kí wọ́n tó pàdé. Cadillac ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1928. Kó tó dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lórí gíà kan: ẹ̀ẹ̀kan láti bọ́ sí fíríì, ẹ̀ẹ̀kan láti wọ gíà tuntun. Ọgbọ́n yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́: bí gíà kan ṣoṣo yẹn bá dákẹ́ nígbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì báyìí, síńkírò ni.

Gíà tó le ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tó wá rọ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ẹjọ́ ọ́ìlì tó ki jù. Ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ wo irú ọ́ìlì gíà tí wọ́n kọ sára ike, GL-4 tàbí GL-5: ọ́ìlì GL-5 mìíràn ń ba idẹ jẹ́ nínú gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún GL-4.

Gíà tó ń já bọ́ yàtọ̀. A ó wo ọwọ́ gíà bí a bá ń tẹ iná tí a sì ń tú u: bó bá ń jó síwá sẹ́yìn, síìtì ẹ́ńjìnì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró, lè ti já, kòtò ojú ọ̀nà sì ń dá kún un. Bí síìtì bá dúró ṣinṣin, inú gíábọ́ọ̀sì ló kù.

Ariwo tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí rìlíìsì béárìn, èyí tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì kí pléètì lè tú. Ariwo tó dákẹ́ nígbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí béárìn inú gíábọ́ọ̀sì.

Kí wọ́n tó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó dára kí wọ́n tú ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Bí lẹ́búlẹ́bú tó ń dán bí idẹ bá wà nínú rẹ̀, síńkírò ló ń jẹ. Bí ègé irin bá bá ọ́ìlì jáde, eyín gíà tàbí béárìn ti fọ́.