Sẹ́nétọ̀ Róòmù Kì í Ṣe Aṣòfin

Tí ọ̀rọ̀ Róòmù àtijọ́ bá ti bẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan á ṣáà sọ pé àwọn sẹ́nétọ̀ ló ń ṣòfin níbẹ̀, bíi ti àwọn tó wà l'Ábújá. Ó máa ń dùn mí. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ yẹn ti wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jọra. Ẹni tó bá ti di ipò ìjọba mú rí ló ń wọ ilé sẹ́nétọ̀ Róòmù, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gba àwọn olóyè. Àwọn ará ìlú ló ń dìbò kí àbá tó di òfin.

“Á jẹ́ pé ìjọba àwa-ara-wa ni nígbà yẹn?” Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ná. Níbi àpéjọ tó ń yan kọ́ńsúlù, àwọn méjì tó ń ṣe olórí ìlú fún ọdún kan, wọn kì í ka ìbò ní oríkoorí. Wọ́n pín àwọn ọkùnrin ìlú sí ọ̀wọ́ 193 gẹ́gẹ́ bí dúkìá wọn ṣe tó. Ọ̀wọ́ kan, ìbò kan. Àwọn ẹlẹ́ṣin ní ọ̀wọ́ 18, àwọn olówó tó tẹ̀ lé wọn ní 80. Ẹ rò ó pọ̀: 98. Ó ti ju ìdajì lọ! Àwọn tí kò ní dúkìá kankan, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Nígbà tó yá, wọ́n dín 80 yẹn kù sí 70, àmọ́ ọ̀wọ́ 9 péré ló kù kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn olówó ló sì ń kọ́kọ́ dìbò. Bí èsì bá ti ju ìdajì, wọ́n á tú ká. Tálákà lè dúró nínú oòrùn ní pápá ẹ̀yìn odi ìlú látàárọ̀, kí wọ́n má pè é rárá.

Mẹ̀kúnnù ní àpéjọ tiwọn o, láti ọdún 287 ṣáájú ìbí Jésù sì ni ìpinnu ibẹ̀ ti de gbogbo ìlú. Lọ́dún 133 ṣáájú ìbí Jésù, Tiberius Gracchus, agbẹnusọ wọn, gbé àbá pé kí wọ́n pín ilẹ̀ ìjọba fún tálákà lọ síbẹ̀ tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀. Ó di òfin. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn sẹ́nétọ̀ kan àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn fi kùmọ̀ àti ẹsẹ̀ àga tó ti kán lù ú pa.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní àwọn sẹ́nétọ̀ lágbára, mi ò ní bá a jiyàn púpọ̀. Owó ìlú wà níkàáwọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà sì rèé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i níbì kan pé wọ́n “ṣe òfin”, ẹ kọ́kọ́ béèrè àpéjọ tó dìbò sí i.